Àlùbọ́sà Kan, Iyọ̀ Díẹ̀: Ohun tí Wíwo Sẹ́ẹ̀lì Tó Wà Láàyè Kọ́ Mi

Òkú ni sẹ́ẹ̀lì tí a bá ti kán áyódíìnì, aró tó ń mú kí inú rẹ̀ hàn, lé lórí. Ó dùn ún wò, núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ (ẹyọ inú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀) yọ kedere, àmọ́ ó ti kú. Bí ẹ bá wá da omi iyọ̀ sí òkú yìí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí bí omi ṣe ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ ó jókòó sídìí maikirosíkóòpù títí agogo á fi lù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àfojúrí báyọ́lọ́jì ti máa ń dàrú: sùláídì kan ni wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ méjì. Sùláídì méjì ni mo máa ń ṣe láti ara àlùbọ́sà kan náà, ọ̀kan fún òkú, ọ̀kan fún alààyè, mi ò sì jẹ́ kí ẹ̀mú tó kan áyódíìnì kan èkejì.

Kì í ṣe ìtìjú láti bẹ̀rẹ̀ lára òkú ṣá o. Nígbà tí Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, kọ́kọ́ lo orúkọ náà “cell” ní 1665, kọ́ọ̀kì ló gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wò, èèpo igi gbígbẹ. Yàrá kéékèèké tó ṣófo ló rí. Ògiri ló kù, onílé ti lọ tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1670 ni Antonie van Leeuwenhoek, ará Netherlands, tó rí àwọn abẹ̀mí oní-sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi.

Àlùbọ́sà pupa tó ń ti òkè Ọya wá ni mo máa ń lò. Ó wà lọ́jà látọdún dé ọdún, ó sì ní ohun kan tí àlùbọ́sà funfun kò ní, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ là á sí mẹ́rin, ẹ ju èèpo gbígbẹ nù, ẹ mú ìpele kejì tàbí ìkẹta tó le dáadáa. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní inú tó tẹ̀ kòtò àti ẹ̀yìn tó yọ gọngọ. Awọ inú kò láwọ̀, ó sì máa ń bó wọ́ọ́rọ́wọ́. Awọ ẹ̀yìn ló ni àwọ̀ àlùkò, òun ló sì máa ń ṣagídí. Ẹ fi bíléèdì tuntun fa igun mẹ́rin tó fẹ̀ tó mílímítà 5, ẹ fi ẹ̀mú mú igun kan, ẹ rọra fà á. Bí ohun tó bó bá funfun bí ẹran àlùbọ́sà, ó ti nípọn jù: sẹ́ẹ̀lì ti gun ara wọn lórí níbẹ̀, kò sì ní sí èyí tí ojú á rí já. Èyí tó dáa dà bíi láílọ́ọ̀nù tín-ín-rín, ẹ lè máa wá a lórí gíláàsì kí ẹ má tètè rí i. Sẹ́ẹ̀lì ìpele kan péré ni.

Ẹ kán omi sórí gíláàsì kí ẹ tó bó awọ yìí rárá. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nínú afẹ́fẹ́ ti tó fún un láti ká jọ bí ewé tí oòrùn pa, àtìgbà náà lẹ ó sì máa fi abẹ́rẹ́ tú u. Gíláàsì ìbòrí náà kì í ṣe ohun à ń jù lé e. Ẹ fi etí rẹ̀ kan kan omi náà, kí ó dà gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé etí kejì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yà pé sẹ́ẹ̀lì ni: ó rí róbótó, etí rẹ̀ dúdú, ó nípọn, inú rẹ̀ mọ́ gaara. Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kì í rí róbótó. Ó gùn bíi bíríkì tí wọ́n tò, orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sì máa ń ṣe ṣóńṣó díẹ̀.

Fún sùláídì òkú, ẹ ṣe áyódíìnì yín báyìí. Ẹ yọ́ gíráàmù 2 potassium iodide (irú iyọ̀ kan) sínú omi díẹ̀, bíi mìlílítà 10. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da gíráàmù 1 áyódíìnì sí i, kí ẹ rò ó títí á fi yọ́ tán, kí ẹ tó bu omi kún un di mìlílítà 300. Ẹni tó bá da áyódíìnì sínú omi lásán á rí i tó jókòó sísàlẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́, torí omi nìkan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn án. Potassium iodide ló ń bá a wọ inú omi. Ìgò dúdú ni kí ẹ rọ ọ́ sí. Ẹ kán ẹyọ kan sí etí gíláàsì ìbòrí, ẹ fi tíṣù fà á láti etí kejì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí ó bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á dà bí àgbo, ẹ ò ní rí núkílíọ́ọ̀sì mọ́ nínú òkùnkùn yẹn.

Núkílíọ́ọ̀sì á yọ bí ẹyọ kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó pọ́n díẹ̀, yóò sì fara ti ògiri. Ẹ má yà á sáàárín nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé. Àpò omi ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní fákúólù, ló gba àárín sẹ́ẹ̀lì yìí; sáítópúlásímù, omi kíki inú sẹ́ẹ̀lì, kàn dà bí ọ̀dà tí wọ́n kùn sí ara ògiri yíká, inú ọ̀dà yẹn sì ni núkílíọ́ọ̀sì há sí. Lóòótọ́, ẹ ó rí àwọn kan tí tiwọn jọ pé ó wà láàárín gbùngbùn. Àpótí ni sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe bébà: núkílíọ́ọ̀sì yẹn so mọ́ àjà tàbí ilẹ̀ àpótí, ẹ̀yin sì ń wò ó láti òkè. Ẹ yí nọ́ọ̀bù kékeré síwá-sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í bá ògiri ẹ̀gbẹ́ hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì tó jọ pé kò ní núkílíọ́ọ̀sì: ó ní in, ìsàlẹ̀ ló wà.

Lẹ́ńsì ×4 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ tó lọ sí ×10, kí ẹ tó lọ sí ×40. Bí ẹ bá ti dé ×40, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára nọ́ọ̀bù ńlá. Lẹ́ńsì yẹn sún mọ́ gíláàsì débi pé ìyí kan péré á fọ́ gíláàsì ìbòrí, á sì ha ojú lẹ́ńsì. Ẹ̀gbin tí ẹ bá rí, ẹ sún sùláídì: bí kò bá bá a lọ, kì í ṣe orí sùláídì ló wà. Ẹ wá yí lẹ́ńsì tí ẹ fi ojú lé. Bí ẹ̀gbin náà bá yí, ibẹ̀ ló wà. Tíṣù lẹ́ńsì ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe etí aṣọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni ohun tí mo rí pé àwọn ènìyàn kì í kà sí. Wọ́n á ṣí ojú ihò tí iná ń gbà wọlé gbayawu, wọ́n á ní àwọn kò rí nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní aró lára mọ́ gaara bí omi. Iná tó pọ̀ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ẹ pa ojú ihò yẹn dé títí á fi ku díẹ̀, etí gbogbo nǹkan á wá dúdú, á sì yọ síta.

Èyí ló gbé wa dé sùláídì alààyè. Awọ inú àlùbọ́sà, omi lásán, kò sí aró, ×400 (lẹ́ńsì ×40 pẹ̀lú ×10 tí ẹ fi ojú lé), ojú ihò pípadé. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ núkílíọ́ọ̀sì. Okùn tín-ín-rín sáítópúlásímù máa ń ti ibẹ̀ la àpò omi kọjá, àwọn ẹyọ kéékèèké sì ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ lójú ọ̀nà. Ẹ fún ojú yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, torí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ẹ ò ní rí nǹkan. Ẹ má ṣi ìrìn yìí mú fún gbígbọ̀n lásán. Ẹyọ tó ń gbọ̀n sójú kan tí kò lọ síbì kankan, omi ló ń gbún un lọ́tùn-ún lósì, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nínú òkú náà. Ìrìn tó ní ojú ọ̀nà tó ń gbà, alààyè nìkan ló ń ṣe é, torí agbára ló ń ná lé e lórí. (Ẹni kan náà ni gbígbọ̀n yẹn àti orúkọ núkílíọ́ọ̀sì so mọ́: Robert Brown, ará Scotland, tó kọ̀wé nípa gbígbọ̀n yẹn lẹ́yìn àkíyèsí rẹ̀ ní 1827, tó sì fún núkílíọ́ọ̀sì lórúkọ ní 1831.)

Wàyí o, iyọ̀. Omi inú ọ̀rá kan, èyí tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà, jẹ́ mìlílítà 500. Gíráàmù iyọ̀ 25 nínú rẹ̀ fún wa ní 5%, gíráàmù 4.5 fún wa ní 0.9%. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí díwọ̀n, torí ṣíbí tó kún gègèrè lè jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó tẹ́jú. Awọ ẹ̀yìn àlùbọ́sà, aláwọ̀ àlùkò, ni ẹ ó lò níbí. Inú àpò omi ni àwọ̀ yẹn wà, nítorí náà ẹ lè fi ojú tẹ̀lé omi láìkán aró kankan. Àǹfààní tí mo sọ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó nínú omi lásán: àwọ̀ kún sẹ́ẹ̀lì dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kán omi iyọ̀ 5% sí etí kan, ẹ fi tíṣù fà á láti etí kejì, lẹ́ẹ̀méjì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ojú yín má sì kúrò níbẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ jọ pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà, igun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ àlùkò á fi igun kan sílẹ̀, igun á mọ́ funfun, igun kejì á tẹ̀ lé e. Ìyókù á máa fà sẹ́yìn kúrò lára ògiri, á máa ki sí i bó ṣe ń kéré sí i, torí aró kan náà ló kù nínú omi tó ń dínkù. Nígbà tó bá yá, á ká jọ róbótó láàárín, tàbí kó pín sí méjì nínú sẹ́ẹ̀lì tó gùn. Ògiri kò mira.

Ìbéèrè ìdánwò tó gbajúmọ̀ ni pé kí ló wà nínú àlàfo tó ṣí sílẹ̀ láàárín ògiri àti awọ sẹ́ẹ̀lì (awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ ògiri, kì í ṣe awọ àlùbọ́sà tí ẹ bó). Ọ̀pọ̀ ń kọ “afẹ́fẹ́”, àwọn kan ń kọ “omi inú sẹ́ẹ̀lì”. Omi iyọ̀ tí ẹ dà sí i ni. Ògiri kì í dá iyọ̀ dúró. Ihò rẹ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń dá a dúró, tó sì ń jẹ́ kí omi kọjá. Omi wá ń lọ síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí, ohun tí ìwé ń pè ní ọsimósìsì.

Ẹ dá omi lásán padà sí i lọ́nà kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Àwọ̀ á fẹ̀ padà dé igun. Àwọn tí kò bá padà ti kú, nígbà míì ẹ ó sì rí i tí àwọ̀ wọn ń ṣàn jáde sínú omi. Bí ọ̀pọ̀ kò bá padà, iyọ̀ yín ti le jù tàbí ẹ ti fi í sínú rẹ̀ pẹ́ jù. Ẹni tó bá lo 20% ti pa wọ́n nìyẹn. Bí kò bá sì sí èyí tó fà sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, àlùbọ́sà ti bàjẹ́, tàbí áyódíìnì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí 0.9% ni ẹ gbé dípò 5%: iyọ̀ inú 0.9% kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tó ti yọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò ní maikirosíkóòpù lè rí apá kan èyí nínú ife méjì. Ẹ gé àlùbọ́sà pupa, ẹ fi omi ṣan ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gbà kí àwọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀bẹ ya lè lọ, ẹ fi ìdajì sínú omi tútù, ìdajì sínú omi tó ń hó. Omi tútù á mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Omi gbígbóná á gba àwọ̀, torí ooru ti tú awọ sẹ́ẹ̀lì ká, ògiri nìkan ò sì lè dá àwọ̀ dúró. Awọ yìí kan náà ló wà nídìí ẹ̀fọ́ tí a gé tí a wọ́n iyọ̀ sí tó ń sun omi sínú abọ́.

Àmọ́ ẹ ò tíì rí awọ yìí fúnra rẹ̀ o. Nǹkan bíi nánómítà 7 sí 10 ni ó nípọn (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mílímítà kan), maikirosíkóòpù oníná kò sì lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àárín wọn bá kéré sí nǹkan bíi nánómítà 200. Etí àwọ̀ àlùkò tí ẹ rí jẹ́ ibi tí àpò omi pin sí. Awọ àpò omi wà níbẹ̀, sáítópúlásímù tín-ín-rín tẹ̀ lé e, awọ sẹ́ẹ̀lì gan-an ló wà lóde pátápátá. Awọ náà kì í sì í ṣe asẹ́ lásán. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń ti sódíọ̀mù 3 jáde, tó ń gba pòtáṣíọ̀mù 2 wọlé, tó sì ń ná ATP kan (ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó agbára) lórí ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò ní ògiri, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní gbà. Nínú omi lásán, omi á wọ inú rẹ̀ títí á fi bẹ́. Nínú 5%, á rún jọ, etí rẹ̀ á ṣe ṣákaṣàka. Nínú 0.9%, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ wo ara àpò dírípù ní ọsibítù, 0.9% ni wọ́n kọ sára èyí tó jẹ́ iyọ̀. Ẹ má gún ọmọ iléèwé lábẹ́rẹ́ torí èyí, nítorí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti HIV. Ẹ ra sùláídì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì pupa yìí fẹ̀ ní máíkírómítà 7 sí 8 (ẹgbẹ̀rún kan máíkírómítà ló wà nínú mílímítà kan), kò ní núkílíọ́ọ̀sì, ó sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Nínú àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ohun kan ṣoṣo ló yí padà: ní ipò kẹfà lórí okùn beta hẹmoglóbìnì, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, valine gba ipò glutamic acid (méjèèjì jẹ́ ara ẹyọ tí wọ́n fi ń hun okùn náà). Bí ọ́síjìn bá dínkù, hẹmoglóbìnì náà á so kọ́ra di ọ̀pá gígùn, á sì tẹ sẹ́ẹ̀lì bí dòjé. Tó bá ń tẹ̀, tó ń nà, awọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jo pòtáṣíọ̀mù àti omi jáde; inú rẹ̀ á ki, kíki yẹn á sì tún mú kó tètè tẹ̀. Ara ìdí tí àwọn dókítà fi ń tẹnu mọ́ omi mímu fún ẹni tó jẹ́ SS nìyẹn. Ní láàbù, sodium metabisulphite 2%, kẹ́míkà tó ń gba ọ́síjìn kúrò, ni wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi jẹ́lì dí etí gíláàsì ìbòrí kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, torí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ló máa tẹ̀. Electrophoresis, ìdánwò tó ń fi iná mànàmáná ya irú hẹmoglóbìnì sọ́tọ̀, ló ń yà wọ́n, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ti sùláídì nìkan pinnu jẹnotáìpù.

Fún sẹ́ẹ̀lì ẹranko nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló rọrùn. Igi olówùú tí wọ́n fi ń nu etí, tuntun, ni kí ẹ fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í ṣe igi ìtayín. Ẹ yí i sórí gíláàsì sínú omi iyọ̀ 0.9% ẹyọ kan, ẹ kán methylene blue 1%, aró búlúù, sí i, ẹ fà á pẹ̀lú tíṣù lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó máíkírómítà 50 sí 60 á jáde, núkílíọ́ọ̀sì búlúù láàárín, etí rẹ̀ ká kò. Àwọn ẹ̀kán búlúù kéékèèké tó fọ́n sórí rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ “ribosome” sí, kòkòrò bakitéríà ẹnu ni wọ́n. Nǹkan bíi nánómítà 20 sí 25 ni ribosome, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì. Maikirosíkóòpù oníná kankan kò ní fi hàn yín. Ẹ rẹ sùláídì náà àti igi olówùú sínú bílíìsì, ìwọ̀n 1 sí omi 9, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ wọn sẹ́ẹ̀lì, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì tí ẹ fi ojú lé, bíi 10×/18. 18 yẹn ni ẹ ó fi lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ pín. Lábẹ́ ×4, fífẹ̀ ohun tí ẹ ń rí jẹ́ mílímítà 4.5, ẹ sì lè fi rúlà oníke dán an wò. Lábẹ́ ×10 ó jẹ́ 1.8, lábẹ́ ×40 ó jẹ́ 0.45. Bí sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà 5 bá tò láti etí dé etí lábẹ́ ×10, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0.36. Bí ẹ bá wá ya ọ̀kan ní gígùn sẹ̀ntímítà 9, ìyẹn mílímítà 90, ẹ fi 0.36 pín 90: ×250 ni ẹ ó kọ sábẹ́ àwòrán. Ẹni tó bá kọ ×100 nítorí pé lẹ́ńsì ×10 ló fi wò ó ti pàdánù máàkì yẹn, torí àwòrán tó yà ni wọ́n ń bi í, kì í ṣe lẹ́ńsì.